Ìrìn Àjò Bàbá Richmond Sọ́dọ̀ Ráfì

Gbogbo àwa ọmọ-ọmọ ló ń pe bàbá tó bí ìyá mi ní Bàbá Richmond, torí pé Richmond ní Texas ni ilé wọn wà, àwa sì ń gbé ní Cypress. Ní àárọ̀ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀, wọ́n jókòó sórí àga wọn ní pálọ̀, wọ́n ní kí ìyá mi bá àwọn bu omi tútù wá. Kí omi náà tó dé, wọ́n ti lọ. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé ikú ìrọ̀rùn ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo tẹ̀lé wọn dé Íńdíà mọ̀ pé ohun kan wà lọ́kàn wọn tí kò rọrùn títí tí wọ́n fi kú, ohun náà ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ wọ́n máa kọ́kọ́ rántí ni ẹnu wọn. Bàbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Wọ́n á bá ẹni tó ń gbowó ní ilé ìtajà sọ̀rọ̀ títí àwọn tó tò sẹ́yìn á fi máa pòṣé. Bí ẹnì kan bá ṣi nọ́ńbà pè wọ́n, wọ́n á bi í léèrè ìlú tó ti wá, wọ́n á sì kí àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ. Bí àwa ọmọ-ọmọ bá fi òyìnbó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á fọwọ́ bo etí. "Àbẹ̀kẹ́," wọ́n á ní. Oríkì mi nìyẹn, àwọn nìkan ló sì ń fi pè mí; Rẹ́nikẹ́ ni àwọn ará ilé yòókù ń pè mí. Bisikíìtì á wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ní fún mi títí màá fi wá ọ̀nà sọ ohun tí mo fẹ́ ní Yorùbá. Texas ni wọ́n bí mi sí, bí mo ṣe gbọ́ èdè náà nìyẹn. "Etí mi ò gbọ́ òyìnbó lónìí," wọ́n á ní. "Tún un sọ."

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ní Deer Park ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ Ráfì. Ravi ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní Íńdíà. Bàbá ló sọ ọ́ di Ráfì, ó sì ń jẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé àgbà ló jẹ́ fún mi, "Uncle" ni mo sì ń pè é lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí Bàbá ṣe ń pè é ni màá ṣe máa pè é níbí, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú.

Richmond ni Ráfì náà ń gbé, mọ́tò kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì jọ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Láti Richmond dé Deer Park, odindi Houston lèèyàn máa là kọjá, freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀, á sì dí pa. Bàbá á máa sọ̀rọ̀, Ráfì á máa gbọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rín rẹ̀ kì í dún. Ìyá àgbà mi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu kan àti etí kan ló wà nínú mọ́tò yẹn.

Ìyàwó Ráfì ti kú tipẹ́, òun nìkan ló ń tọ́ Meena, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nítorí náà, inú ilé ìdáná Ìyá àgbà ni Meena dàgbà sí. Ráfì kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹyin. Bí Ìyá àgbà bá ti fẹ́ se móínmóín, wọ́n á kọ́kọ́ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, ata, iyọ̀ àti òróró nìkan ló máa wà nínú rẹ̀. Móínmóín Ráfì la máa ń pè é nílé wa. Bàbá máa ń ní kò sí adùn kankan nínú rẹ̀, wọ́n á sì jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá àgbà á ní, "Ṣebí ẹ ní kò dùn?"

Nígbà tí Ìyá àgbà kú, ìjọ wa ni wọ́n ti ṣe ìsìn fún wọn. Ìjọ Aládùúrà ni, Bàbá sì jẹ́ alàgbà ńlá níbẹ̀. Mo ti dàgbà tó láti rántí gbogbo rẹ̀. Ráfì àti Meena wọlé wá nínú aṣọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bíi tiwa. Ráfì gbé òdòdó gígùn kan lọ́wọ́, òdòdó aláwọ̀ ọsàn tí òun àti ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn sín bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀. Ó fẹ́ lọ gbé e lé pósí lórí. Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Bàbá.

"Alàgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan òrìṣà lé òkú ìyá ìjọ lórí o."

Bàbá dìde. Wọ́n pàdé Ráfì ní àárín àwọn àga, níwájú gbogbo èèyàn.

"Ráfì, kì í ṣe níbí," wọ́n wí fún un ní òyìnbó. "Gbé e padà."

Ráfì wo pósí náà. Ó wo Bàbá. "Ọ̀rẹ́ èmi náà ni," ló wí.

Bàbá ò yà lọ́nà fún un. Ráfì wé òdòdó náà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì dúró síbẹ̀ títí ìsìn fi parí. Kò bínú jáde. Mo rò pé bó bá bínú jáde ni, ì bá rọrùn fún Bàbá láti lọ bá a jà, kí wọ́n sì parí ẹ̀.

Nígbà tí Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n lọ dúró níwájú ilé Ráfì láti gbé e bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ráfì ti wa mọ́tò tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, "good morning" ló kù láàárín wọn. Nígbà tó yá, Ráfì fẹ̀yìn tì, ó ta ilé rẹ̀, ó padà sí Íńdíà. Ẹnikẹ́ni tó bá bi Bàbá léèrè ọ̀rẹ́ wọn, èsì kan náà ló ń gbọ́: "Ọ̀nà ti jìn."

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi ni mo sì ń fi mọ́tò gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà wọn. A wà nínú mọ́tò nígbà tí Meena, tó ṣì ń gbé ní Houston, pè. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá rẹ̀. Apá kan ara rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀.

"Uncle, ó béèrè yín," ni Meena wí.

"Kí ló ní?"

"Ó ní ṣé ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Meena ní kí wọ́n jẹ́ kóun fi fóònù so wọ́n pọ̀ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, ojúkojú ni. Wọ́n ní àwọn máa lọ sí Íńdíà fúnra àwọn. Ṣùgbọ́n ìkórè ìjọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn sì ni alága ìkórè. "Ẹ jẹ́ ká ṣe ìkórè tán," wọ́n ní.

Ìkórè náà lárinrin. Bàbá jó, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ wọn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àrùn náà tún padà kọlu Ráfì, lọ́tẹ̀ yìí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Meena sunkún lórí fóònù. Bàbá gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà títí tí wọ́n fi kú, mo gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu wọn ju èyíkéyìí lọ, nígbà míì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n ní nǹkan kan: "Ìkórè ni mo dúró ṣe."

Nígbà tí wọ́n wá sílé wa ní Cypress láti sọ pé àwọn ń lọ, ìyá mi ta kò wọ́n. Ashram ni Ráfì ń gbé, ọgbà kan tí àwọn ará Íńdíà máa ń lọ gbé láti gbàdúrà, kí wọ́n jẹun níwọ̀nba, kí wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ ilé.

"Daddy, ilé òrìṣà kẹ̀? Ẹ̀yin alàgbà? Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fáwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Sọ fún wọn pé bàbá rẹ lọ wo aláìsàn."

"Wọn ò ní gbà."

"Èèyàn ni mò ń lọ wò," ni Bàbá wí, wọ́n sì dìde. "Bí òrìṣà bá wà níbẹ̀, a ó kí ara wa láti òkèèrè."

Èmi ni mo bá wọn lọ. Meena bá wa ṣètò gbogbo rẹ̀, òun ò lè kúrò níbi iṣẹ́ nígbà yẹn. Lẹ́yìn ọkọ̀ òfuurufú, a wọ ọkọ̀ ojú irin, a tún wọ mọ́tò gba ọ̀nà eléruku, kí a tó dé ẹnu géètì kan tí igi ńlá ṣíji bò. Bàtà tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ògiri. Agogo ń dún, èéfín tùràrí ń rú, àwọn èèyàn tó wọ aṣọ funfun ń lọ ń bọ̀ láìwọ bàtà, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì. Bàbá dúró, wọ́n wò wọ́n dáadáa. "Àbẹ̀kẹ́," wọ́n ní, "ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n gbé wá síbí?"

A dúró tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí agogo á ti lù. Omi tútù inú bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń wẹ̀, Bàbá á sì máa pariwo orúkọ Jésù láti ilé ìwẹ̀ àwọn ọkùnrin. Ọ̀bọ kan jí ọṣẹ wọn, ó gé e jẹ, ó tu ú dànù, ó sì sọ ìyókù lù wọ́n. Ilẹ̀ la ń jókòó sí jẹun, orúnkún Bàbá ò sì gbà, wọ́n fi bẹ́ǹṣì kékeré kan sẹ́bàá ògiri fún wọn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwo wa. Àwọn tó ń pín oúnjẹ á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà kọjá níwájú wa, wọ́n á bù ú, a ó fọwọ́ jẹ ẹ́. Ìyẹn tẹ́ Bàbá lọ́rùn, ọwọ́ làwọn náà fi ń jẹun ní Richmond.

Ohun tó fẹ́ pa wọ́n ni dídákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá ń sọ fún mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ náà ò tó, ni ìyá arúgbó tó ń darí ilé ìdáná bá dé. Amma ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, ìyẹn ni pé Ìyá. Wọn ò ga ju èjìká mi lọ. Wọ́n fi ìka lé ètè, wọ́n tẹjú mọ́ Bàbá bí ẹni tó mú ọmọdé níbi tó ti ń jalè. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ mì. Nígbà tá a jáde, wọ́n ní, "Obìnrin yẹn le ju ìyá àgbà rẹ lọ."

Bí wọ́n bá ń kọrin àdúrà wọn nírọ̀lẹ́, Bàbá á gbé Bíbélì Yorùbá wọn lọ sábẹ́ igi, wọ́n á máa ka Sáàmù sókè. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ará ibẹ̀ á ní kí wọ́n dákẹ́. Bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí ibẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó jókòó tì wọ́n, ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá pa Bíbélì dé. Ojú wọn pọ́n. "Ẹnikẹ́ni ò ní kí n gbé tèmi padà," wọ́n ní.

Ẹ máa béèrè Ráfì. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná ló wà, lórí ibùsùn tóóró kan. Ó ti gbẹ. Ọjọ́ tá a dé gan-an ni Bàbá wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ yẹn sínú láti Houston, mò ń rí ètè wọn tó ń mì nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn, kò pọ̀.

"Ráfì, èmi ni. Ìyàwó mi ì bá gba òdòdó yẹn lọ́wọ́ rẹ. Ó mọ̀ ọ́ ju gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ lọ. Ojú wọn ni mo wò, mi ò wo ojú rẹ̀. Forí jì mí."

Ráfì ń wò wọ́n. Omi yọ lójú rẹ̀ kan, ó ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Ìgbà tá a jáde, mo sọ fún Amma pé Ráfì ti gbọ́, pé ó sunkún. Ẹnì kan tó gbọ́ òyìnbó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Amma ní ojú yẹn ti ń ṣomi bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí àìsàn náà dé, tọ̀sán tòru. Mo wẹ̀yìn. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá lọ gba abẹ ìfárí lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú Ráfì. Láti ìgbà náà, àwọn ló ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, àwọn ló ń bọ́ ọ. Wọ́n sì ń bá Amma gé ewébẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń fìka sí ètè fún wọn mọ́. Mi ò rí Bàbá bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún Amma pé àwọn fẹ́ ṣe oúnjẹ kan. Wọ́n rẹ ẹ̀wà, wọ́n bó o, wọ́n lọ̀ ọ́ lórí ọlọ òkúta ibẹ̀ pẹ̀lú eékún wọn tó ń dùn wọ́n. Wọn kì í jẹ àlùbọ́sà nínú ọgbà náà, torí náà ata, iyọ̀ àti òróró nìkan ló wọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ọn.

Ráfì jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí síbí kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó tún la ẹnu. Bàbá sáré jáde wá bá mi bí ọmọdé. "Àbẹ̀kẹ́, ó jẹ ẹ́! Ó tún fẹ́ sí i!"

Ìyẹn la mú bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí i. Mò ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n ní, láìwo ojú mi, "Ó lè jẹ́ pé ebi ló ń pa á."

Ìjọ ò gbà á bí ìyá mi ṣe sọ. Àwọn alàgbà pe Bàbá sí ìpàdé, wọ́n ní kí Bàbá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ kí àwọn gbàdúrà ìwẹ̀nùmọ́ fún wọn nítorí ilé òrìṣà tí wọ́n lọ gbé. Èmi ni mo gbé wọn lọ, mo sì jókòó sẹ́yìn. Mo rò pé Bàbá á fi ọ̀rọ̀ pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Bàbá ò pariwo.

"Mo ní ohun tí mo lè kúnlẹ̀ fún," wọ́n ní. "Inú ilé yìí ni mo ti ṣe é, lójú yín, lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó mi. Bí ẹ bá fẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún ìyẹn, mo ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ torí pé mo lọ tọrọ àforíjì."

Ìjọ gba ipò alàgbà lọ́wọ́ wọn. Bàbá ò kúrò nínú ìjọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí láti ìgbà náà, wọ́n á wá, wọ́n á lọ. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọn kò sì béèrè ohunkóhun nípa ìrìn àjò náà rárá. Bí Bàbá bá dárúkọ Íńdíà nídìí oúnjẹ, ìyá mi á dìde lọ gbé nǹkan ní ilé ìdáná. Bàbá á wá yí ọ̀rọ̀ padà sí ti ojú ọjọ́.

Ráfì kú lẹ́yìn ọdún kan. Mo gbé Bàbá lọ sílé Meena láti lọ kí i. Meena ń sọ fún wọn pé bàbá òun ti dárí jì wọ́n tipẹ́, pé òun mọ bàbá òun. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tá a padà sínú mọ́tò, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo ṣẹ̀."

Lẹ́yìn tí a sin Bàbá, èmi àti ìyá mi lọ kó ẹrù wọn ní Richmond. Ìyá mi ń ká àwọn sùtánà funfun wọn, wọ́n ń tò wọ́n sínú páálí. Lójijì wọ́n dá iṣẹ́ dúró.

"Rẹ́nikẹ́, ọkùnrin yẹn, ṣé ó dá Daddy lóhùn?"

"A ò mọ̀, Mà."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, géètì, agogo, ọ̀bọ tó gé ọṣẹ jẹ, Amma, omi ojú yẹn, ọlọ òkúta. Ìyá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé orí ọ̀bọ, wọ́n bo ẹnu wọn. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni pé ẹnì kan ṣì fẹ́ wọlé.

"Daddy sọ̀rọ̀ nípa gbogbo nǹkan láyé fún mi," ni ìyá mi wí. "Èyí nìkan ni mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ. Ẹnu wọn ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ."